Sísẹ́tì ẹ̀rọ ìgbì òkun: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù ní Ifẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òbí wọn, àti àwọn oníṣẹ́ iná ní Lágere àti Mayfair ló ń bi wá ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí léraléra. A kó wọn jọ síbí. Sísẹ́tì ni mímú kí ìrìn ẹ̀rọ bá ti ìgbì mu. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó le wà nísàlẹ̀.

Kí ni ẹ̀rọ ìgbì òkun?

Ẹ̀rọ tó ń sọ ìrìn ìgbì di iná mànàmáná ni. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ lórí òkun tí ìgbì fi ń dìde. Ìgbì á gbé omi sókè, á tún sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi ìlọsókè-lọsódò yẹn yí jẹnẹrétọ̀.

Oríṣi méjì la máa ń sọ jù níbí. Ọ̀kan ni àgbá ńlá tó ń léfòó, tí wọ́n fi okùn tàbí ọ̀pá so mọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Èkejì ni yàrá kọnkéré létí òkun: ìgbì á gba ìsàlẹ̀ wọ inú rẹ̀, á sì ti afẹ́fẹ́ inú yàrá gba ojú ihò tí tọ́báìnì, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí, wà. Ní Mutriku, ní ilẹ̀ Basque ní Spain, yàrá 16 irú bẹ́ẹ̀ wà nínú ògiri èbúté tí wọ́n ṣí ní 2011. Agbára gbogbo wọn jẹ́ 296 kílówáàtì.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1799 ni Girard àti ọmọ rẹ̀ ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn tí owó epo gbówó lórí ní 1973 ni Stephen Salter ní Yunifásítì Edinburgh gbé iṣẹ́ tirẹ̀ jáde, ní 1974, tí ayé fi tún gbájú mọ́ ọn.

Ifẹ̀ kò sí létí òkun. Kí ló kàn wá nínú ẹ̀?

Apá tó le jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ etí òkun. Ìṣirò ni, àti kíkọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, a sì lè ṣe é ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà bí a ṣe lè ṣe é ní Èkó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní etíkun, àmọ́ àwọn ènìyàn wa ní Ìlàjẹ àti ní Èkó wà lójú omi, àwọn ará Ayétòrò ti Ìlàjẹ sì mọ ohun tí ìgbì lè fi ilẹ̀ ṣe.

Igbó Olókun sì wà ní Ifẹ̀ níbí, níbi tí àwọn baba wa ti ń yọ́ gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìlú tó ti ń bọ Olókun láti ìgbà yẹn wá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú nípa òkun.

Ṣé ìgbì kì í ṣe ìgbì ni? Kí ló ń yí padà nínú rẹ̀?

Nǹkan mẹ́ta ló ń yí padà: gíga rẹ̀, àlàfo rẹ̀, àti ìhà tó ti ń bọ̀. Àlàfo ni iye sẹ́kọ́ǹdì tó wà láàárín ìgbà tí orí ìgbì kan kọjá àti ìgbà tí èyí tó tẹ̀ lé e kọjá. Òun ni àwọn ènìyàn kì í fiyè sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ.

Ìgbì tí afẹ́fẹ́ ìtòsí gbé dìde máa ń kúrú, á sì rí jágajàga. Àlàfo rẹ̀ kì í sábà ju sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta sí méje lọ. Ìgbì ọ̀nà jíjìn yàtọ̀. Ìjì ńlá ìhà gúúsù Atlantic ló bí i, ó sì ti rìn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé etíkun wa. Ó máa ń gùn, ó máa ń tò dáadáa, àlàfo rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín sẹ́kọ́ǹdì 10 sí 15. Irú èyí ló pọ̀ jù lójú òkun Èkó àti Ìlàjẹ, ìhà gúúsù àti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló sì ń gbà wá. Ó máa ń ga sí i láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òtútù mú ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún.

Méjèèjì lè pàdé lọ́jọ́ kan náà. Òjò àkọ́rọ̀ pẹ̀lú ìjì ọ̀sán lè da ìgbì kúkurú sórí ìgbì gígùn láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ tí wọ́n sẹ́tì láàárọ̀ kò sì ní bá ìrọ̀lẹ́ mu mọ́.

Báwo la ṣe ń mọ iye agbára tó wà nínú ìgbì?

Ẹ mú gíga ìgbì ní mítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀. Ẹ fi àlàfo rẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì ṣe ìlọ́po èsì yẹn, kí ẹ wá pín in sí méjì. Ohun tí ẹ rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kílówáàtì tó wà lórí mítà kan ìgbì, níbi tí omi bá ti jìn. Gíga tí à ń wí ni ìpíndọ́gba ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù lára àwọn ìgbì tó kọjá.

Ìgbì tó ga ní mítà 1.5, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 12, á fún yín ní nǹkan bíi 13. Bí gíga náà bá di mítà 3, ó di bíi 54, torí pé gíga máa ń ka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbì ìjì tó ga ní mítà 8 pẹ̀lú àlàfo 14 sì lé ní 400. Ẹ̀rọ kan náà ló gbọ́dọ̀ pàdé 13 àti 400 yẹn, kó jẹun lára àkọ́kọ́, kó má sì kú lọ́wọ́ èkejì.

Kí ni wọ́n ń pè ní sísẹ́tì ẹ̀rọ sí ìgbì?

Gbogbo ohun tó ń léfòó ló ní ìrìn àbínibí tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ rì díẹ̀ tí ẹ sì fi í sílẹ̀, á máa lọ sókè-sódò ní ìwọ̀n kan tí kì í yí padà. Bí ìgbì bá ń dé ní ìwọ̀n yẹn gan-an, ìgbì kọ̀ọ̀kan á máa tì í ní àsìkò tó yẹ, ìrìn rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Bí kò bá bára mu, ìgbì kan á gbé e, èyí tó tẹ̀ lé e á dá a dúró.

Ẹ wo onígángan. Igi kan náà, awọ kan náà, ṣùgbọ́n bó bá ti fún ọsán mọ́ abẹ́ apá, ohùn ìlù á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ohun tí à ń ṣe fún ẹ̀rọ ìgbì nìyẹn: a ń yí líle rẹ̀ tàbí ìwúwo rẹ̀ padà kí ìrìn àbínibí rẹ̀ lè bá ìgbì ọjọ́ náà mu.

Ohun kejì tí à ń sẹ́tì ni ìfàsẹ́yìn, ìyẹn bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń fa àgbá sẹ́yìn tó. Bó bá dẹ̀ jù, àgbá á máa fò sókè-sódò láìsí iná. Bó bá le jù, àgbá kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, iná kò tún ní sí. Ibi tó dára wà láàárín, ó sì máa ń yí padà bí ìgbì bá ti ń yí.

Ṣé mo lè fojú ara mi rí i, láìlọ sí Èkó?

Ẹ lè rí i. Ẹ wá táǹkì kọnkéré tí wọ́n ti kó ẹja àrọ̀ inú rẹ̀ tà, tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ gé páìpù oníke ínṣì mẹ́rin, kó gùn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ da iyanrìn sí i títí tí á fi dúró ṣánṣán nínú omi, tí bíi sẹ̀ǹtímítà 25 rẹ̀ á wà lábẹ́ omi. Ẹ fi ìka tẹ orí rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀. Á máa lọ sókè-sódò, lílọ àti bíbọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba sẹ́kọ́ǹdì kan.

Kí ẹnì kan wá dúró ní òpin kejì táǹkì náà, kó máa fi pátákó ti omi. Bó bá ń tì í kíákíá, omi á máa ta sí páìpù lára, páìpù kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Bó bá ń tì í jẹ́jẹ́ gan-an, páìpù á kàn máa bá omi lọ, á máa bá omi bọ̀. Àmọ́ bó bá ti bọ́ sí ìwọ̀n ìrìn àbínibí yẹn, ẹ ó rí i tí páìpù ń fò ju ìgbì tó ń gbé e lọ, ilà tútù ara rẹ̀ á máa yọ síta. Ibi tí àwọn ọmọ máa ń pariwo nìyẹn.

Ẹ wá fi iyanrìn kún un títí tí ogójì sẹ̀ǹtímítà á fi rì. Ẹni tó ń ti pátákó á ní láti dẹwọ́ díẹ̀ kí páìpù tó tún fò. Ẹ ti sẹ́tì ẹ̀rọ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn kò kàn kọ́ ẹ̀rọ ńlá tó bá ìgbì mu láti ìbẹ̀rẹ̀?

Torí pé irin rẹ̀ á pọ̀ jù. Fún páìpù tó dúró ṣánṣán, jíjìn tó rì sínú omi ló ń pinnu ìrìn àbínibí rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 25 fún sẹ́kọ́ǹdì kan. Kó tó lè bá ìgbì sẹ́kọ́ǹdì 10 mu, ó gbọ́dọ̀ rì tó nǹkan bíi mítà 25. Fún sẹ́kọ́ǹdì 12, nǹkan bíi mítà 36. Omi tí òun fúnra rẹ̀ ń tì kiri á dín in kù díẹ̀, àmọ́ kò ní dín in kù tó láti gba owó yín là.

Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yẹn, ìgbì kan ṣoṣo ló bá mu. Lọ́jọ́ tí ìgbì sẹ́kọ́ǹdì mẹ́fà bá dé, ẹ̀rọ ńlá á dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń kọ́ àgbá kékeré, tí wọ́n sì ń fi ọgbọ́n ìsẹ́tì dípò irin.

Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà sẹ́tì rẹ̀?

Èyí tó rọrùn jù ni kí a yí ìfàsẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ nìkan padà. Kò gba irin kankan, àṣẹ kọ̀ǹpútà ni.

Èkejì ni dídìmú. Kjell Budal àti Johannes Falnes, ọmọ Norway, ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ jù. Àgbá kékeré máa ń yára ju ìgbì lọ, torí náà bó bá ti dé òkè tàbí ìsàlẹ̀ tó fẹ́ yípadà, búrẹ́kì á dì í mú síbẹ̀. Ìgbì á máa bọ̀, agbára á máa kó jọ, kọ̀ǹpútà á wá tú u sílẹ̀ lásìkò tó tọ́. Àgbá tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rin á wá máa bá ìgbì sẹ́kọ́ǹdì 10 rìn.

Ìkẹta ni sípíríǹgì òdì. Omi máa ń fẹ́ dá àgbá padà sí àárín ní gbogbo ìgbà. Sípíríǹgì yìí ń ṣe òdìkejì, ó ń tì í kúrò láàárín. Bí a bá yọ ọ̀kan lára èkejì, líle tó kù kéré, àgbá fífúyẹ́ á sì máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wúwo. Ilé iṣẹ́ CorPower Ocean ti Sweden ń fi afẹ́fẹ́ ìfúnpọ̀ ṣe irú rẹ̀.

Ní ti yàrá kọnkéré, fáàfù àti eré tọ́báìnì ni wọ́n ń yí. Tọ́báìnì Wells, tí Alan Wells ṣe ní Belfast, ń yí sí ìhà kan ṣoṣo bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé tàbí bó bá ń jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá yára jù, agbára rẹ̀ máa ń já lójijì. Fáàfù ló ń gbà á sílẹ̀.

Ìgbà mélòó ló yẹ kí a máa tún un sẹ́tì?

Àwọn kan ń ṣe é láàárín ìgbì kan sí èkejì. Àwọn kan ń ṣe é ní ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, bí òkun bá ti yí. Àwọn mìíràn ń dúró di àsìkò òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ní tèmi, ti wákàtí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó rọrùn, kì í fọ́ ẹ̀rọ, èrè rẹ̀ sì pọ̀ lórí òkun bíi tiwa tí kì í yí padà wàràwàrà.

Ṣé òkun tiwa tiẹ̀ dára fún un?

Ìgbì wa kò ga, ó sábà máa ń wà láàárín mítà kan sí méjì, ó sì gùn. Ẹni tó bá fi gíga nìkan wò ó á ní kò tó nǹkan. Àmọ́ kì í sinmi, ìhà kan ló ń gbà wá, ìjì olóyìípo tó ń ba etíkun Amẹ́ríkà jẹ́ kì í sì dé ọ̀dọ̀ wa. A kò ní láti kọ́ ẹ̀rọ tó lè dúró de ìgbì mítà 18.

Ìṣòro wa ni pé ìgbì kékeré tó ní àlàfo gígùn ló jìnnà jù sí ìrìn àbínibí àgbá kékeré. Ẹ̀rọ tí a kò bá sẹ́tì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú nǹkankan wá níbí. Ibi tó sì bọ́gbọ́n mu láti kọ́kọ́ lo iná rẹ̀ ni etíkun fúnra rẹ̀: yìnyín fún ẹja, iná fún ilé ìwòsàn, omi mímu.

Ṣé òótọ́ ni pé àgbá kékeré lè gba agbára ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ?

Òótọ́ ni. Budal àti Falnes gbé èyí jáde ní 1975. Fún àgbá roboto tó ń lọ sókè-sódò, òpin fífẹ̀ ìgbì tó lè gbà ni gígùn ìgbì náà tí a pín sí 6.28. Ìgbì sẹ́kọ́ǹdì 10 gùn ní mítà 156 nínú omi jíjìn, torí náà òpin yẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 25, bí àgbá náà kò tilẹ̀ fẹ̀ ju mítà 9 lọ.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé àgbá tó ń mira ń dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá sẹ́tì rẹ̀ dáadáa, ìgbì tirẹ̀ á pa apá kan nínú ìgbì tó ń kọjá rẹ́, agbára èyí tó parẹ́ á sì wọ inú ẹ̀rọ. Ohun tí kò bá lè dá ìgbì sílẹ̀ kò lè gba ìgbì. Òpin lọ́wọ́ ìṣirò nìyẹn o. Ní òkun gidi, ọ̀pá tí àgbá fi ń lọ sókè-sódò ní ibi tó gùn mọ, kì í sì í jẹ́ kó dé ibẹ̀.

Bí ìjì bá dé ńkọ́?

Ẹ̀rọ tó bá ìgbì mu jù lọ ló máa kọ́kọ́ fọ́. Ìdajì iṣẹ́ ìsẹ́tì ni mímọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rọ kúrò nínú ìbámu. Ní Aguçadoura, ní àríwá Portugal, ẹ̀rọ C4 ti CorPower pàdé ìgbì tó ga tó mítà 18.5 ní 2023. Wọ́n kò jẹ́ kó bá ìgbì náà jó. Wọ́n dá a padà sí ìrìn àbínibí rẹ̀ tó yára, ìgbì sì kọjá lára rẹ̀. Ní Jaffa, ní Israel, ńṣe ni ilé iṣẹ́ Eco Wave Power ń gbé àgbá rẹ̀ jáde kúrò nínú omi.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi ní láti mọ ìgbì tí kò tíì dé?

Torí pé ìpinnu tó dára jù nísinsìnyí wà lọ́wọ́ ohun tí ìgbì máa ṣe ní sẹ́kọ́ǹdì mélòó kan sí i. Ẹni tó di àgbá mú gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ kí agbára ìgbì tó dé góńgó. Bó bá dúró títí ó fi rí góńgó, ó ti pẹ́ jù.

Ọ̀nà kan ni kí kọ̀ǹpútà fi ìgbì tó ti kọjá sọ èyí tó ń bọ̀. Ó máa ń ṣe dáadáa fún ìgbì ọ̀nà jíjìn, ó sì máa ń ṣìnà lórí ìgbì kúkurú. Ọ̀nà kejì ni kí a gbé ohun ìwọnwọ̀n tó ń léfòó síwájú, tàbí kí a fi rédà wo ojú omi. Ìgbì sẹ́kọ́ǹdì 12 ń gbé agbára rẹ̀ rìn ní bíi mítà 9 ní sẹ́kọ́ǹdì kan nínú omi jíjìn. Ohun ìwọnwọ̀n tó wà ní 300 mítà síwájú á fún wa ní bí ìdajì ìṣẹ́jú. Àmọ́ bí ìgbì bá ń ti ìhà púpọ̀ bọ̀, èyí tó kọjá lára ohun ìwọnwọ̀n lè má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ rárá.

Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ máa ń fi iná padà fún òkun. Ṣé kì í ṣe òfò nìyẹn?

Ó lè di òfò. Nínú apá kan ìgbì kọ̀ọ̀kan, jẹnẹrétọ̀ á di mọ́tọ̀, á máa ti àgbá kó lè bá ìgbì mu. Ẹ̀yáwó ni: ìgbì á san án padà, á sì fi èrè sí i.

Ẹni tó ní ínfátà àti bátìrì nílé mọ̀ pé iná tó wọlé kì í jáde pé. Ká ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kọjá ní àlọ, ìdá 80 ní àbọ̀. Ẹ̀yáwó 100 á padà wá bíi 64; 36 ti lọ. Bí èrè ìgbì yẹn kò bá ju 20 lọ, ẹ ti fi 16 tọrẹ fún Olókun. Ìdí nìyí tí sípíríǹgì òdì fi wù mí: ẹ̀yáwó tirẹ̀ kì í gba inú jẹnẹrétọ̀ kọjá.

Ṣé kì í ṣe iná tó pọ̀ jù lọ la ń wá ni?

Rárá. Ìsẹ́tì tó ń mú iná pọ̀ jù ló tún ń mú kí ọ̀pá lọ gbá òpin, tí okùn fi ń gbó, tí wáyà àti jẹnẹrétọ̀ fi ní láti tóbi fún góńgó tí kì í pẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ Pelamis mẹ́ta tí wọ́n gbé lọ sí Aguçadoura ní 2008 kọ́gbọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 750 kílówáàtì, oṣù mélòó kan péré ni wọ́n lò lójú omi kí wọ́n tó wọ́ wọn padà sí èbúté. Iná tó ń wá lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá ni kí ẹ máa ṣírò.

Ṣé AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, kò lè máa ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra rẹ̀?

Ó lè kọ́ ìsẹ́tì tó bá òkun kọ̀ọ̀kan mu. Ṣùgbọ́n ìjì kì í wọ́pọ̀, torí náà ohun tó fẹ́ fi kọ́ ìjì kéré. Ẹ fún un ní ààlà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kí ẹ̀dá ènìyàn ló fi ààlà náà lélẹ̀.

Irinṣẹ́ wo ni akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ lè fi bẹ̀rẹ̀ láìsanwó?

Àkọsílẹ̀ ìgbì ERA5 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí kọ̀ọ̀kan láti 1940, títí kan òkun iwájú Èkó àti Ìlàjẹ. Capytaine, tó ń ṣiṣẹ́ nínú Python, á ṣírò agbára tí ìgbì fi ń ti àgbá yín. WEC-Sim, tó ń ṣàfarawé ìrìn ẹ̀rọ ìgbì, náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó nílò MATLAB, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ọdún kan ṣoṣo àti ìfàsẹ́yìn nìkan bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí èsì kọ̀ǹpútà wa fi ń dára ju ti táǹkì lọ?

Torí pé ìṣirò tó rọrùn gbà pé ìrìn àgbá kéré. Nígbà tí a kò tíì sẹ́tì rẹ̀, ó kéré lóòótọ́, èsì á sì bára mu. Gẹ́rẹ́ tí a bá sẹ́tì rẹ̀ dáadáa, àgbá á máa rìn púpọ̀, omi á máa ya lára rẹ̀, orí rẹ̀ á rì tàbí ìdí rẹ̀ á yọ síta, ìṣirò kò sì mọ̀ nípa èyíkéyìí nínú wọn. Ìsẹ́tì fúnra rẹ̀ ló ń gbé wa kúrò níbi tí ìṣirò ti jóòótọ́.

Ẹ fi òpin sí gígùn ìrìn ọ̀pá nínú ìṣirò yín, ẹ fi ìfà omi kún un, ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wá gbé páìpù yẹn padà sínú táǹkì, kí ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ka gíga tó fò. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì sọ pé ó yẹ kó fò ju ohun tí ẹ kà lọ, iye tinú táǹkì ni kí ẹ mú.